Ìwé Tí Cyriaque Kò Gbọ́ Tán

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Prudence aránṣọ kò ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ dáadáa, ẹ bá mi bi í pé irú ọ̀fọ̀ wo ló tún ń fẹ́. Obìnrin náà wọ dúdú. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà: kò gbà kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ òun.

Cyriaque ọkọ rẹ̀ ló sọ ìwé kíkà di nǹkan ilé wọn. Awakọ̀ ni, àgbàdo ló máa ń kó láti Kétu lọ sí Kútọnu. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, tó jókòó sílé tó ń kanra mọ́ ewúrẹ́ mọ́ ènìyàn, Gwladys ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìtàn ránṣẹ́ láti Kútọnu. Ìwé Faransé ni. Lọ́sàn-án, Prudence á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á kà á, á sì máa fi èdè Nàgó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn: bí ọkọ bá yan ìwé kan, ìyàwó ló máa yan èyí tó tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mọ ìparí ìtàn ṣáájú ẹnì kejì.

Ìtàn ogun àtijọ́ ni Prudence fẹ́ràn, ti ìlú tí wọ́n dó tì, ti ọba tí wọ́n mú lẹ́rú. Cyriaque a máa sùn sí i. Bó bá sì jí, ẹjọ́ ló máa ń rò.

“Ẹṣin yìí ti ń sáré láti àná, ta ló fún un lómi? Ẹni tó kọ ìwé yìí kò ru ẹrù rí.”

Ìtàn àràmàǹdà ni tirẹ̀, níbi tí ẹja ti ń sọ̀rọ̀, tí òkè ń ṣí nípò. Èyí tó yàn gbẹ̀yìn jẹ́ ti ìlú kan tí ẹnikẹ́ni kì í kú. Inú bí Prudence sí i.

“Bàbá Gwladys, ìlú tí wọn kì í kú! Ta ló wá ń jogún níbẹ̀? Níbo ni wọ́n ti ń rílẹ̀ kọ́lé sí?”

“Ìwọ ṣáà máa kà á,” ni Cyriaque wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kà á débi tí odò ti ń fa atukọ̀ kan lọ, ẹni àkọ́kọ́ tí ikú fẹ́ pa ní ìlú náà. Ìyàwó rẹ̀ dúró létí odò, ó ń pè é. “Ṣé á jáde?” ni Cyriaque bi í. Prudence ní ó ti rẹ òun lẹ́nu, ó dọ̀la. Ọ̀la yẹn kò bá Cyriaque láyé.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí, nítòsí igi máńgòrò. Ìyá Fidèle, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wá jókòó ti opó. Ó rí ìwé atukọ̀ náà lọ́wọ́ Prudence, ó já a gbà.

“Opó kì í ka romáànù! Ìtàn iwin lo fẹ́ fi ṣọ̀fọ̀ àbúrò mi?”

Ó ju ìwé náà sínú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Prudence ti gba gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe láìjanpata, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Láràárọ̀, Ìyá Fidèle a máa ta omi sílẹ̀ lójú oórì, á sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì tó ti àpótí náà, ó tún ṣe é.

“Cyriaque, má jẹ́ kí òjò ba ẹ̀wà wa jẹ́ ní oko Odomèta o. Fidèle ń wáṣẹ́, bá a lànà.”

Prudence dúró lẹ́yìn rẹ̀. “Ìyá Fidèle, ṣé ó ń gbọ́ yín?”

“Kí ló dé tí kò ní gbọ́?”

“Bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, á gbọ́ ìtàn. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Ìyàwó, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ẹ̀yin ni, ìyá. Mo sọ fún un pé ó dọ̀la. Ọmọ ta ni mí tí màá tan òkú jẹ? Ẹ bínú bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ka ìwé yẹn fún un lónìí.”

Bí Ìyá Fidèle bá ní òkú kò gbọ́, omi tí òun ń ta ti dòfo. Ó tú kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sílẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ láti gbọ́ ìranù tí wọ́n fẹ́ kà.

Prudence kà á sókè, bí ẹni pé Cyriaque wà lórí àga rẹ̀. Odò gbé atukọ̀ lọ. “Kò jáde, Bàbá Gwladys,” ni ó wí, omijé sì dà. Ó ń kà lọ. Ìyàwó atukọ̀ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó bẹ́ sínú odò tẹ̀lé ọkọ, gbogbo ìlú sì jó fún un. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ìyá Fidèle pàtẹ́wọ́. “Ìyàwó nìyẹn! Ìyàwó gidi!”

Prudence pa ìwé dé.

“Bàbá Gwladys, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á, n ò yọ nǹkan kan, n ò fi kún un. Ṣùgbọ́n ìkà lẹni tó kọ ọ́. Ta ló ní kí obìnrin yẹn bẹ́ sódò? Mo fẹ́ràn yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní bẹ́ síbì kankan.”

Prudence fi etí aṣọ dúdú nu ojú, ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó mú ìwé ogun kan tó nípọn jáde, ó gbé e sórí oórì ọkọ rẹ̀. Kò dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹnikẹ́ni.

“Tiyín ti tán,” ni ó wí fún un. “Lọ́la, èmi ló kàn. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ sùn bí ẹ ti máa ń sùn.”