Ẹ̀rọ Pupa Méjì ní Dùgbẹ̀

Òórùn gíríìsì tó ti gbẹ mọ́ ara irin ni mo fi máa ń rántí ọdún yẹn. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, mo ń gbé yàrá kan ní Àgbowó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa òfin. Ó ku ọdún mélòó kan kí ọ̀rúndún yìí wọlé. Epo ọkọ̀ wọ́n, iléèwé á ṣí lónìí, á tì lọ́la, ọkọ̀ ojú irin pàápàá ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá sí Ìbàdàn mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí èèyàn tó gbọ́ fèrè rẹ̀. Bóyá torí pé ó ti ń kú lọ náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní Bódìjà ṣe dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ wo ibùdókọ̀ àtijọ́ ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa mú àwọn àlejò káàkiri, tí yóò máa ṣàlàyé fún wọn. Èmi ni wọ́n mú, torí pé inú kọ́tàsì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mo dàgbà sí, mo sì lẹ́nu.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú, mo máa ń mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání bí ọ̀gá iléèwé, òun ni mo fi ń tọ́ka. Mo máa ń mú wọn lọ síbi fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè fọwọ́ kan ibi tí ìgbúnwọ́ àwọn èrò àtijọ́ ti jẹ pákó wọnú. A ó kọjá níbi òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó, a ó dé yàrá tí àwọn olówó ti máa ń dúró de ọkọ̀, a ó wá gbójú sókè wo táǹkì tó ń fún àwọn ẹ́ńjìnnì eléèédú lómi. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé ọjọ́ tí irin wọ Ìbàdàn ni Ìbàdàn tó mọ̀ pé Èkó ò jìnnà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo hun ọ̀rọ̀ náà fúnra mi, mo sì ń sọ ọ́ ní gbogbo Sátidé bíi pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ń bọ́ sí mi lẹ́nu.

Yàrá tó gbẹ̀yìn wà ní ìparí pèpéle, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ àmì, àwọn tó ń fún ọkọ̀ ojú irin lọ́nà, láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ pupa méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó èjìká mi. Mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò pé ojú irin kan ṣoṣo ló wà láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì, orí rẹ̀ ni alọ àti àbọ̀ ń gbà. Kí ọkọ̀ méjì má baà kọlu ara wọn, awakọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kúrò níbùdókọ̀ àfi tí irin àṣẹ kékeré kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tókìn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Inú ẹ̀rọ pupa ni wọ́n ti ń fa tókìn yọ. Lójú ọ̀nà gan-an, ẹ̀rọ kan máa ń wà níbùdókọ̀ tibí, ìkejì ní tọ̀hún, wáyà ló so wọ́n pọ̀; àwọn méjì inú yàrá yìí, ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n wà fún, wọ́n sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ti fa tókìn kan yọ, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì tì pa nìyẹn. Bó o lágbára bí erin, òmíràn ò ní jáde títí wọn yóò fi dá èyí tó jáde padà sínú rẹ̀.

Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni pé ẹ̀rọ yìí ló ba ayé bàbá mi jẹ́.

Ọmọ Èkìtì ni bàbá mi, oníṣẹ́ àmì ni ní ibùdókọ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ọkọ̀ méjì kọlura lójú irin lọ́sàn-án gangan. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kan kán, ẹrù tó bàjẹ́ ò lóǹkà. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ló fa á. Ó ń kánjú torí ẹrù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀, ló bá sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ láìgba tókìn. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀gá yìí dìde, ó búra, ó ní bàbá mi ló fa tókìn méjì yọ, tó fún ọkọ̀ méjì. Bàbá mi ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó dìde lórí àga. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Wọ́n lé bàbá mi, wọ́n lé wa kúrò ní kọ́tàsì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ̀rù iṣẹ́ wọn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fi mọ síbẹ̀, wọ́n sọ bàbá mi lórúkọ: Bàbá Tókìn Méjì. Orúkọ náà tẹ̀ lé wa dé Baṣọ̀run, níbi tí bàbá mi ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tó ń tún agogo ọwọ́ ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì máa ń ṣèpàdé lóṣooṣù ní Dùgbẹ̀. Bàbá mi ò débẹ̀ rí, torí ó mọ orúkọ tí wọn yóò fi kí òun káàbọ̀. Ọ̀gá yẹn ló wá di alága ìpàdé náà. Ó ti di olóyè, ó kọ́lé sí Ring Road. Mo kórìíra rẹ̀. Bí mo bá ń fọṣọ, ọrùn rẹ̀ ni mo ń fún.

Ẹ wá wò ó bí inú mi ṣe rí lọ́jọ́ tí olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ ní Sátidé, ọ̀gá rélùwéè àtijọ́ kan, olóyè, alága àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Mo béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ ojú ìwé mẹ́ta tí n óò sọ sí i lójú. Òyìnbó gidi ni mo fi kọ ọ́, èyí tó le. Mo dúró níwájú dígí fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń kà á, mo ń na ìka. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá gbé orí sókè lórí ìwé òfin rẹ̀.

“Ṣé bàbá àgbàlagbà yẹn á dúró kó o fi sọ gbogbo òyìnbó yìí tán?” ló wí. “Ìwọ ṣáà jẹ́ kóun náà sọ̀rọ̀. Nílé ẹjọ́, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ló ń kó síṣòro.”

Inú bí mi sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Sátidé yẹn, èèyàn bí ogún ló wá. Olóyè náà wọ agbádá funfun, ó mú ọ̀pá dání, ó ti sanra. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa,” kò mọ̀ mí. Láti ibi fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ohun kan, á ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Bàbá yìí ò lè gbọ́ àṣìṣe nípa rélùwéè kó dákẹ́.

Nígbà tí a dé yàrá tó gbẹ̀yìn, mo fa tókìn kan yọ nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mo gbé e fún ìyàwó olùkọ́ wa pé kí wọ́n bá mi mú un dání. Mo wá kọjú sí gbogbo wọn. Mo ní, “Àwọn kan sọ pé tí oníṣẹ́ àmì bá gbówọ́, ó lè fa ìkejì yọ nígbà tí èyí ṣì wà níta.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?” ni olóyè wí. Ó ti ń rìn bọ̀ wá síbi ẹ̀rọ kejì.

“Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ ọ, sà.”

“Irọ́ ni. Ẹni tí ò mọ rélùwéè ló ń sọ bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ẹnì kan, ó ká apá agbádá sókè, ó di ẹ̀rọ náà mú, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ náà ò mira. “Ṣé ẹ rí i? Kò lè jáde. Ogún ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí. Bí ọ̀kan bá ti jáde, kò sí ọmọ aráyé tó lè fa ìkejì.”

“Ṣé ó dá yín lójú, sà?”

“Ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ.”

Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Gbogbo òyìnbó ojú ìwé mẹ́ta fò lọ lórí mi, n kò rántí ẹyọ kan. Yorùbá ló jáde, kò sì pọ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n lé oníṣẹ́ àmì kan lẹ́nu iṣẹ́ pé ó fa tókìn méjì. Ẹ̀yin lẹ búra pé ẹ rí i. Bàbá mi ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ìyàwó olùkọ́ wa wo tókìn tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wá wo olóyè.

“Ta ló rán ẹ sí mi?” ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó gba ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Inú mi dùn. Olùkọ́ wa dúró kí àwọn èrò lọ tán, wọ́n wá rọra gba igi tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n ní òtítọ́ dára, ṣùgbọ́n a kì í ṣe àlejò báyẹn. N kò mú ẹnikẹ́ni wo Dùgbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwó Road, láti ibẹ̀ mo fẹsẹ̀ rìn dé Baṣọ̀run torí n kò lè jókòó. Bàbá mi ń tún agogo kan ṣe. Mo ti múra pé wọ́n á bá mi wí, torí onísùúrù èèyàn ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

“Ó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ìgbà kẹta, wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tó ń jó nínú mi, inú wọn ni mo ti bù ú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni olóyè wá. Ó mú pásítọ̀ rẹ̀ dání, ó sì ní ká ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá mi fún un ní àga, wọ́n fún un lómi. Wọ́n bi í pé ṣé á sọ ọ́ nípàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, létí gbogbo àwọn tó ń pe òun ní Tókìn Méjì.

“Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí,” ni olóyè wí. “Ẹ ṣàánú mi. Alága wọn ni mo jẹ́.”

“Mo gbọ́,” ni bàbá mi dáhùn.

Pásítọ̀ ní, “Ẹ sọ pé ẹ ti dárí jì í, sà. Àgbàlagbà ló dọ̀bálẹ̀ yìí.”

“Mo gbọ́.”

“Sà, ṣé ẹ ò ní dárí jì í ni?”

Bàbá mi mú agogo tí wọ́n ń tún ṣe. “Pásítọ̀, tókìn tó jáde ò tíì padà wọlé. Kí lẹ fẹ́ kí n fà yọ fún yín?”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà padà wá láàárín ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbà tó kẹ́yìn wọ́n mú un lápá mú un lẹ́sẹ̀ wọlé ni. Ohun kan náà ló ń gbọ́. Kò sọ ọ́ nípàdé. Bàbá mi ló kọ́kọ́ kú, kò sì dárí jì í. Nígbà tí a ń sin wọ́n, mo gbọ́ tí bàbá arúgbó kan lẹ́yìn mi ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Ṣé Tókìn Méjì náà ló kú?”

Mo ti dàgbà báyìí, irun mi ti ń funfun, mo ti gbọ́ ìwàásù nípa ìdáríjì tó pọ̀ ju irun náà lọ. Mo máa ń ṣe àmín sí i. Wọ́n ní ẹ̀san kì í yóni, òótọ́ ni, èmi ò yó. Àmọ́ mi ò kábàámọ̀ ìdajì wákàtí yẹn ní Dùgbẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé mo kábàámọ̀ nítorí pé mo ti dàgbà. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mí ni pé èèyàn ogún péré ló gbọ́ ọ, kò sì sí òṣìṣẹ́ rélùwéè kan láàárín wọn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin olóyè náà pè mí lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ti lọ. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ọ̀rọ̀ bàbá mi ni bàbá òun ń sọ títí dé òpin, kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun sọ pé ó ti tán, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè simi. Ó ń sunkún. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nípàdé kó tó kú. Ó ní rárá, mà.

Ọmọ lásán ló jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò mọ nǹkan kan. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo kí i kú ọ̀fọ̀.

Mo wá ní, “Mo gbọ́.”