Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Amm Dahi Kò Wá

Kawthar ló pè mí lórí fóònù. Ọdún kan náà la jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa báyìí, kò sì sí ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ní pẹ̀lẹ́.

"Wagih, múra o. Ìwọ lo gbà á."

"Kí ni mo gbà?"

"Àmì-ẹ̀yẹ. Ti àṣeyọrí lẹ́nu iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ní Káírò, ti ìsìn fáwọn ará ìlú bọ́ sọ́wọ́ ẹ. Ogún ọdún lo ti ń lọ wo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nag Sawaqi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i, títí kan èmi tí mo mọ bí o ṣe máa ń hanrun ní kíláàsì."

Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Má fi ìrẹ̀lẹ̀ dà mí láàmú jàre. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kọ ojú ìwé kan wá tí a máa tẹ̀ sínú ìwé ètò. Kọ ìdí tó o fi yan abúlé yẹn. Abúlé tó wà lágbègbè yìí ò lóǹkà. Kí ló dé tó jẹ́ ibi tí kò ní ọ̀nà ọ̀dà lo ń lọ?"

Mo ní màá kọ ọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ènìyàn kan ni ìdí tí mo fi yan abúlé yẹn. Dahi lorúkọ rẹ̀. Amm Dahi la máa ń pè é, bí a ti ń pe ọkùnrin tó bá tó bàbá ẹni lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń tọ́jú gbọ̀ngán òkú ní ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la ara òkú ká lè mọ bí Ọlọ́run ṣe to ènìyàn pọ̀. Bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀pẹ dàbínù ní Nag Sawaqi, òun náà sì gùn ún títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kí wọ́n tó bá a wáṣẹ́ sí ìlú. Kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ orúkọ gbogbo egungun àti iṣan lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì gbàgbé ẹyọ kan. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti yísẹ̀ padà, àwa ọ̀lẹ á pé lé e lórí, á sì mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á máa fi tọ́ka: èyí rèé, tọ̀hún nìyẹn, ìwọ má sùn.

Ohun kan wà tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. A gbọ́dọ̀ kí òkú ká tó fọwọ́ kàn án.

"Dókítà, o ò kí i?" Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń pè wá ní dókítà, àwa tí a ò tíì mọ̀dí mọ̀rí. "Ilé onílé lo wọ̀ yìí o. Àlejò tó wọlé tí kò kí onílé, kí là ń pe irú ẹ̀?"

A ó ní, "Salamu alaikum," kí ó tó jẹ́ ká ṣí aṣọ. Bí a bá ṣe tán, á fọ òkú náà, á ka Fátíhà sí i, á wá fara balẹ̀ bò ó. Mo ti rí àwọn ìyá tí kò bo ọmọ wọn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kejì, èmi Wagih, ọmọ tíṣà, tí mo fi gbogbo ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kàwé gbá bọ́ọ̀lù, mo lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Amm Dahi, mo ti kú. Bí mo bá fi lè fìdí rẹmi, bàbá mi á lé mi nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí níran."

"Lọ jókòó, Dókítà. Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́."

Bí ìdánwò náà ṣe rí nìyí: wọ́n á to ogún tábìlì, wọ́n á so òwú pupa mọ́ ohun kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agogo á dún, wàá lọ dúró níwájú tábìlì kan, o sì ní ìṣẹ́jú kan láti kọ orúkọ ohun tí òwú náà so mọ́. Amm Dahi ló ń ṣí aṣọ orí wọn. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ló wà lórí tábìlì kọkànlá. Òwú so mọ́ okùn funfun kan tó nípọn tó ìka. Mo wò ó títí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo gbójú sókè. Amm Dahi wúkọ́, ó fọwọ́ kan ìbàdí ara rẹ̀, ó sì wọ́ ọwọ́ náà gba ẹ̀yìn itan lọ dé orúnkún. Ó yé mi wàyí. Iṣan ńlá tó ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ni. Mo kọ ọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ wa ti rí i. Kò pariwo. Ó sún mọ́ mi, ó rọra bi mí pé, "Ìwọ lo bẹ̀ ẹ́ ni, àbí òun ló fún ẹ?"

Mo ní, "Òun ló fún mi, ọ̀gá. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Amm Dahi kàn ń wolẹ̀ ni. Ó lè sọ pé irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kọkànlá, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ibi tí wọ́n máa ń gbé òkú gbà wọlé.

Mo yege. Mo di oníṣẹ́ abẹ egungun, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ń dìde fún mi bí mo bá wọlé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Èmi ni mo ṣu, mi ò sì gbàgbé lọ́jọ́ kan. Bí mo bá ti fi ọ̀bẹ kan ìbàdí aláìsàn, tí mo rí okùn funfun yẹn, ojú á tì mí lábẹ́ ìbòmú.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti padà sí Nag Sawaqi. Mo ra ṣúgà àti tíì, mo wakọ̀ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan láti lọ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan nawọ́ sí ilé náà fún mi: ilẹ̀kùn búlúù, lábẹ́ igi sikamórè, ní òdìkejì mọ́sáláṣí. Mò ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ. Níbi tí mo dúró sí bí òpè, ọkùnrin kan rí àmì dókítà lára gíláàsì ọkọ̀ mi, ó sáré gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá, apá ọmọ náà ti yẹ̀. Mo tò ó fún un. Ẹlòmíràn dé, òmíràn tún dé. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun alásárì, mo ti ń làágùn, gbogbo wọn sì ń ṣàdúà fún mi. Mo kó ṣúgà àti tíì fún ìyá ọmọ náà.

Mo ní, "Màá padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ lé lórí nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo lọ bẹ̀, mo sá wọ inú iṣẹ́. Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí ni wọ́n fún mi, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀kùn búlúù yẹn gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo yí àga mi padà, mo kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ogún ọdún ni mo fi kẹ̀yìn sí i. Ihsan, ọmọbìnrin Amm Dahi, máa ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Mò ń rí orúkọ bàbá rẹ̀ lórí káàdì. Mi ò béèrè rẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ojú ìwé Kawthar. Nínú àkọ́kọ́, mo ní ìfẹ́ àwọn ará oko ló gbé mi débẹ̀. Mo fà á ya. Ìkejì tilẹ̀ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún mẹ́rìnlélógójì, mo sì tún ń fún un ní aṣọ tuntun wọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ náà, nígbà tí aláìsàn tó kẹ́yìn lọ, mo dìde, mo sọdá. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ihsan ló ṣílẹ̀kùn. Kò bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

Ó kígbe sínú ilé pé, "Bàbá, ó ti dé o."

Orí pákó ìjókòó ni Amm Dahi wà, irun rẹ̀ funfun, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ, ó sì yí síta. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ẹsẹ̀ náà.

"Dókítà," ó wí, "o ò kí wa?"

Ohùn yẹn kò yí padà rárá. Mo kí i, omi sì bọ́ lójú mi.

"Amm Dahi, ọjọ́ ìdánwò yẹn..."

"O kọ ọ́ dáadáa àbí o ò kọ ọ́ dáadáa?"

"Ẹ̀n?"

"Iṣan yẹn. Wọn ò jẹ́ kí n dúró mọ̀."

"Mo kọ ọ́ dáadáa."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, à bá ti jìyà lásán."

Mo bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ihsan ló dáhùn, ó sì ń da tíì sí ife bí ẹni ń jà.

"Ọ̀pẹ ni wọ́n gùn. Nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ńbẹ̀, kí ni wọn ò bá tún ṣe? Ẹni tó ti fi ọ̀pẹ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Okùn tí wọ́n fi ń gùn ún já lọ́dún kẹta, wọ́n sì ṣubú. Wọ́n di ìbàdí náà nílé, kò jinná bó ṣe yẹ."

Inú bí mi, Ọlọ́run ló mọ ẹni tí mo ń bínú sí. "Kí ló dé tí ẹ ò gbé wọn wá? Iṣẹ́ mi mà ni! Gbogbo Jímọ̀ ni mo wà lọ́ọ̀ọ́kán yìí!"

"Ẹ bi wọ́n léèrè."

Amm Dahi bu tíì mu. "Bí mo bá wá, wàá rí mi. Bí o bá rí mi, ojú á tì ẹ́. Bí ojú bá tì ẹ́, o ò ní padà wá mọ́. Ta ló máa wá wo àwọn ọmọ yìí? Mo mọ̀ ẹ́, Dókítà. O mọ eré sá."

Ọkùnrin tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́ ti fi ìrora ogún ọdún bo ìtìjú mi mọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń bo àwọn òkú wọ̀nyẹn. Mo ní màá sọ gbogbo rẹ̀ lórí pèpéle lọ́jọ́ ayẹyẹ náà.

"Má sọ ọ́," ó wí. "Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún ẹ ni."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ó sọ ọ́!" Ihsan la ife mọ́lẹ̀. "Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti lé yín."

Mo bẹ Amm Dahi kó bá mi lọ síbi ayẹyẹ náà, ó kọ̀.

Mo sọ ọ́. Lórí pèpéle, mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sọ ohun tí mo bẹ̀ láàárọ̀ àti ohun tí mo sẹ́ lọ́sàn-án, mo ní òun ni àmì-ẹ̀yẹ náà tọ́ sí. Kawthar wá dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì dìde tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dì mọ́ mi, ó ní irú ìwà akin báyìí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ó ṣe mí bíi kí n gé e jẹ. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sára àmì-ẹ̀yẹ náà, orúkọ mi nìkan.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Amm Dahi wá. Ihsan ló fi èjìká gbé e sọdá. Ó gba nọ́ńbà bíi ti gbogbo ènìyàn, nọ́ńbà kẹrìnlá, ó sì kọ̀ kí wọ́n gbé òun síwájú. Mo wo ènìyàn mẹ́tàlá ṣáájú rẹ̀.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ àbí wọn ò pàtẹ́wọ́?" ó bi mí bó ṣe jókòó.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá mú yín wá lónìí, Amm Dahi?"

"O ti tú u síta. Kò sí ohun tí o máa sá fún mọ́. Wo ẹsẹ̀ mi fún mi."

Mo fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ níbi tó ti fọwọ́ kàn án fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó fi eyín pa ìrora mọ́nú. Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú, a ya fọ́tò egungun, dókítà ọkàn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ abẹ tó yẹ kí n ṣe fún un, mo ti ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn kan tilẹ̀ wà tí mi ò mọ orúkọ wọn mọ́. Nígbà tí a padà dé iwájú ilẹ̀kùn búlúù, mo pa ọkọ̀, mo sì sọ ọ́ fún un bí a ṣe ń sọ ọ́ fún aláìsàn.

"Ká ní ogún ọdún sẹ́yìn ni, ẹ̀ bá ti máa rìn geere. Ọkàn yín ò lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́. Ó ti pẹ́ jù."

Ó wò mí títí. Ó rọra bi mí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ṣe rọra bi mí níwájú tábìlì kọkànlá.

"Ta ló pẹ́, Dókítà? Ṣé èmi ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni," mo wí.