Ègbè Òkè Àgbánà

Mákánjúọlá, olùkọ́ ìtàn ní Ganaja, lẹ́bàá Lokoja, kò kánjú lóòótọ́. Ọdún keje rèé tó ti ń ṣe dìgírì kejì lórí ìlú kan tó wà lórí òkè Àgbánà rí, kí àwọn ará ibẹ̀ tó tú sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní ìwádìí kì í ṣe ẹ̀bà tí a ń tẹ̀ wàràwàrà. Àmọ́ lọ́dún 1984, Dókítà Oyèníyì, ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní yunifásítì, là á mọ́lẹ̀ fún un: kó gba ìtàn ìlú náà lẹ́nu ẹni tó gbé orí òkè kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á yọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá Adéòkè nìkan ló ṣẹ́ kù nínú wọn, ní àdúgbò Kabawa ní Lokoja. Mákánjúọlá gbé rẹ́kọ́dà lọ bá a.

"Okun o, ọmọ mi," ni ìyá fi kí i. Ó tún ìró ró, ó dijú, ó gbóhùn sókè: "Bẹ́ẹ̀ ni!" Ó dákẹ́. "Àwọn náà ni!" Ó tún dákẹ́. "Wọ́n sì jókòó!"

"Mama, àwọn wo?"

"Mọ̀ríámọ̀ ló máa ń sọ ìyẹn. Òun ló ń lé ìtàn, èmi ń gbè é."

"Mọ̀ríámọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kú, lọ́dún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún."

Mákánjúọlá sún rẹ́kọ́dà mọ́ ọn. "Ẹ ò wá rántí nǹkan kan nínú ohun tó ń lé?"

"Elégbè wo ló ń gbọ́ ìtàn? Ibi tí ohùn ẹni tó ń lé ti máa balẹ̀ là ń ṣọ́."

Ó wá pinnu láti lé e fúnra rẹ̀. "Ṣé Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Àbí ilẹ̀ Nupe ni?"

"Àwọn náà ni!" Inú ìyá dùn. "O mọ̀ ọ́n lé. Máa bọ̀ lọ́la."

Ní yunifásítì, Dókítà Oyèníyì gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí Mákánjúọlá gbé wá tán.

"Ta ni wọ́n?"

"N kò mọ̀, sà."

"Níbo ni wọ́n ti wá?"

"Kò yé mi, sà."

"Kí wá ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n jókòó, sà."

"Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ náà lọ jókòó sílé."

Kó tó délé, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Lokoja, àwọn ará àdúgbò rí i pẹ̀lú báàgì ìwé. "Dókítà wa! Ẹ kú oríire o! Ó ti parí, àbí?"

"Ó ti parí," ni Mákánjúọlá wí.