Omi Tí Kò Gbé Àlùwàlá

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìparí òjò, nígbà tí ọ̀nà oko Wásinmi ṣì kún fún ẹrọ̀fọ̀. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa máa ń bi mí pé, "Mà, báwo lẹ ṣe ṣe ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ mẹ́rin yẹn tẹ́ ẹ fi borí?" Ẹ máa ń retí kí n sọ̀rọ̀ orin tí a kọ àti géètì tí a dí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rántí rẹ̀, obìnrin kan ni mo máa ń rí, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ wa rárá.

Alhaja Ràṣídá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Òwu ni, ní Abẹ́òkúta, láti ìdílé oníṣòwò tó ti pẹ́ nílùú. Aláró ni ìyá rẹ̀, àdìrẹ ló fi rán an níléèwé títí ó fi di agbẹjọ́rò. Òun ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ wa. Kì í ṣe akọ̀wé tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá o. Òun ló ń kọ ohun tí ìgbìmọ̀ olùdarí bá sọ sílẹ̀, òun ló ń rán wọn létí òfin, orúkọ rẹ̀ ló sì máa ń wà lábẹ́ ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ìjọba àti sí àwọn onípìn-ín.

Bí Alhaja bá dé láàárọ̀, látorí ẹni tó ń gbálẹ̀ ni yóò ti máa kí ènìyàn bọ̀. Bí mo bá lẹ ìkéde ẹgbẹ́ mọ́ ògiri, yóò mú bírò, yóò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé, yóò ní, "Alága, ìjà yín dára, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ Yorùbá yín dáadáa." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Inú a sì máa bí mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ló wà.

Lọ́dún yẹn, àwọn kan láti òkè òkun fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ dòwò pọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní tọwọ́ bọ̀wé àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ rí ìròyìn tó sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe sí ilẹ̀ àti omi tó yí i ká, bó ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ àti ará abúlé, àti bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣàkóso ara wọn. Alhaja ni wọ́n gbé e fún. Máníjà fún un ní àlàyé, ó kọ ọ́, ó wá pè mí sí ọ́fíìsì kí n fọwọ́ sí apá tó kan òṣìṣẹ́.

Mo kà á dé ibi tó ní, "Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó farapa lọ́dún yìí." Mo gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Alhaja, Múfú ńkọ́?"

"Ta ni Múfú?"

"Ẹni tí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ gé ìka rẹ̀ méjì, lẹ́yìn àwẹ̀."

Ó wo ìwé náà títí. "Wọn ò sọ fún mi."

"Wọ́n tún ní omi tó ń jáde lọ́dọ̀ wa mọ́ gaara. Ta ló sọ fún wọn, ṣé ẹja tó kú sódò ni?"

"Alága, ohun tí wọ́n bá gbé wá fún mi ni mo ń kọ."

"Ẹ máa kọ ọ́ nígbà náà. Èmi ò ní fọwọ́ sí i."

Lọ́jọ́ kejì, a yanṣẹ́ lódì. Ohun tí a béèrè kò pọ̀: kí wọ́n yọ irọ́ kúrò nínú ìròyìn, kí wọ́n fi ìdérí sí ẹ̀rọ tó gé Múfú, kí wọ́n má sì da omi ẹ̀gẹ́ sódò mọ́. A jókòó sí ẹnu géètì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnìkan dá orin bú Alhaja, pé gègé rẹ̀ ń purọ́. N kò dá a lẹ́kun. Èmi náà gbè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, géètì kékeré ṣí, Alhaja jáde, fáìlì kan wà lábíyá rẹ̀. Orin dá.

"Ẹ kú ìjókòó o," ló wí. Ó kọjú sí mi. "Alága, ẹ mú mi lọ síbi odò yẹn."

"Ṣé àwọn ọ̀gá yín mọ̀ pé ẹ jáde?"

"Mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn."

A gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́. Múfú ló ṣáájú, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣá koríko lójú ọ̀nà. Alhaja rí i pé ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́. Ó ní, "Ìwọ ni Múfú, àbí? Jẹ́ kí n rí ọwọ́ náà." Ó gbá a mú bí ẹni gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Èmi ni mo kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó farapa. Má bínú."

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà," ni Múfú wí.

Nígbà tí a dé odò, omi náà funfun bí ẹ̀kọ mímu, ìfófòó bò ó, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó ti rà. Ìyá Sùnmọ́nù, arúgbó tó ní oko ata létí odò, jáde wá. Alhaja kúnlẹ̀ kí i nínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó kọ̀wé pé omi wa mọ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó dáa," ni arúgbó náà wí. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọrùn fún wa.

Àkókò ìrun Aláàsárì ti tó. Alhaja ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ létí odò bó ṣe mọ́ ọn lára, kó ṣe àlùwàlá. Ó bomi, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì wà níbẹ̀ láìdìde.

"Àwa náà ò fi í ṣe é mọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Sùnmọ́nù sọ. "Omi tí àwọ̀ rẹ̀ yí, tí òórùn rẹ̀ yí, tí adùn rẹ̀ yí, kò gbé àlùwàlá. Erùpẹ̀ là ń lò."

Alhaja rọra da omi náà nù. Ó wá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ lábẹ́ igi ọsàn, ó fọwọ́ lu erùpẹ̀, ó fi pa ojú àti ọwọ́. Ìyá Sùnmọ́nù tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ fún un. Èmi ọmọ ìjọ Kristi láti Igbein, mo dúró, mo gbá fáìlì rẹ̀ mọ́yà títí ó fi kírun tán. Nígbà tí a ń padà bọ̀, gbólóhùn kan péré ló sọ: "Màámi ní aláró tó bá ń da omi aró sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò kò yẹ kó máa yan lọ́jà."

Ọjọ́ kẹrin ni ìgbìmọ̀ olùdarí ṣèpàdé. Alhaja ní kí wọ́n pè mí wọlé. Ìròyìn tuntun ló pín fún wọn. Ọ̀rọ̀ Múfú wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ odò wà nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó bi ará abúlé ní nǹkan kan rí.

Máníjà fò dìde. "Èyí á lé àwọn ará òkè òkun sá!"

"Ó ṣeé ṣe," ni Alhaja wí.

Alága ìgbìmọ̀, àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, yọ jígí ojú rẹ̀. "Alhaja, ẹ dá ti àkọ́kọ́ padà."

"Sà, ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́. Ẹ lè wá ẹlòmíràn kọ ti àkọ́kọ́. Orúkọ tèmi ò ní sí lábẹ́ rẹ̀. Màá sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé òní pé mo kọ̀, màá sì kọ ìdí tí mo fi kọ̀."

Baba náà kọjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni ti odò yìí?"

"Sà, ẹ̀yìn ilé yìí ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Kò lọ. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí ìròyìn tuntun náà. Mi ò rò pé ìfẹ́ òtítọ́ ló mú un ṣe é. Àkọsílẹ̀ tí Alhaja fẹ́ kọ, tí ilé-ẹjọ́ lè béèrè fún lọ́jọ́ kan, ló bà á lẹ́rù. Síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bó ṣe rí. Ìdérí wà lórí ẹ̀rọ náà dòní. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá mẹ́ta tí omi ẹ̀gẹ́ ń gbà kọjá kó tó dódò. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìròyìn, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á ní Yorùbá fún òṣìṣẹ́ àti ará abúlé. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn ará òkè òkun lọ, ẹ̀ka tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí kò ṣí mọ́, àwọn ọmọ wa kan tó ti ń retí iṣẹ́ níbẹ̀ kò rí i. Ìka Múfú kò hù padà. Ìyá Sùnmọ́nù kú kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ Alhaja parí, wọn ò tún un ṣe. A gbọ́ ọ ní ẹnu géètì, a káàánú rẹ̀, a sì lọ sẹ́nu iṣẹ́. A ò yanṣẹ́ lódì nítorí tirẹ̀.

Mo lọ kí i l'Ówu nígbà Iléyá tó kọjá. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ní iṣẹ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ báyìí, ní pálọ̀ rẹ̀. Ó bu ẹran fún mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di arúgbó. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Lórí pé mo sọ ọ́? Rárá o," ló wí. "Ohun tó ń dùn mí ni pé ọdún mẹ́ta ni mo fi wà ní ọ́fíìsì yẹn kí n tó béèrè ibi tí odò náà wà."

Mo fẹ́ sọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, èmi mọ ọ̀nà odò, mo sì mọ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. N kò wọlé lọ sọ fún un rí.