Àṣàkẹ́, Ẹni Tó Ń Wọn Ewéko Ìlú Láti Ojú Sánmà

Àṣàkẹ́ o! Èmi ọkọ rẹ, tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ọ́ lọ, èmi ló yẹ kí o máa kọ irú ìwé yìí fún. Ìwọ lo wá fò mí dá, o fi mí sílẹ̀ nínú ilé wa ní Ìkòsì. Ẹkún ti gbẹ lójú mi. Ọ̀rọ̀ pàápàá wúwo lẹ́nu mi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá sin ọ́ lónìí kò mọ iṣẹ́ tí o ṣe jẹun. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ni wọ́n máa ń gbé fún ọ. Wàá jókòó ti kọ̀ǹpútà, wàá máa wọn ibi tí igi àti koríko bò nílùú, kí ìjọba lè mọ èyí tó kù. Káfíńtà ni èmi ní Kétu, n kò mọ̀wé tó ọ, síbẹ̀ wàá pè mí pé, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ wá wo Ògùdù, ẹ wo bó ṣe ń pá lórí."

Lọ́dún kan, àwòrán fi hàn pé ewéko ti pọ̀ sí i lẹ́bàá odò lẹ́yìn Mile 12. Inú ọ̀gá rẹ dùn. Ó ní kí o kọ ọ́ pé igi ń pọ̀ sí i, kí o sì fọwọ́ sí i. Ọkàn rẹ kò gbà á. Nígbà tó di Sátidé, o ní kí n sìn ọ́ lọ wò ó. A wọ ọkọ̀ àjẹ̀, ìwọ tí o kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, o di apá mi mú títí apá náà fi kú tipiri. Nígbà tí a débẹ̀, koríko orí omi ló bo odò, òun ni àwòrán ń fi hàn bí igi. Igi etí odò, wọ́n ti gé e, wọ́n ti da iyanrìn bo ojú rẹ̀. O bi ìyá tó ń tu ọkọ̀ wa léèrè ìgbà tí koríko náà dé.

Ìyá ní, "Òjò tó kọjá ló gbé e wá, ọmọ mi. Tí omi bá tún gbé e lọ, ẹ ò ní rí i mọ́."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá rẹ ní àwòrán kì í parọ́. O ní, "Àwòrán ò parọ́, sà. Àwa tá à ń kà á ni." O kò fọwọ́ sí i. Ni wọ́n bá gbé ọ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Àṣàkẹ́ olóòótọ́, a-sọ̀rọ̀-má-wojú-ọ̀gá! Ó pẹ́ kí wọ́n tó rán ẹlòmíràn lọ sódò náà, tí wọ́n sì tún ìwé kọ bí o ṣe wí. Wọn kò fi orúkọ rẹ sí i. Mo fẹ́ lọ bá wọn jà. O ní, "Ẹ jókòó jàre. Igi ò mọ orúkọ mi. Kí wọ́n ṣáà má gé èyí tó kù."

Wọ́n ṣì ń gé e, Àṣàkẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kíndìnrín dé sí ọ lára. Ọdún méjì gbáko la fi ń lọ sílé ìwòsàn, tí à ń bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn, o wo ojú mi pẹ́, o ní, "Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ lọ sùn nílé." Mo ní kò rẹ̀ mí. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa fún ọ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ nìyẹn.

Ó rẹ̀ mí, aya mi. Ó rẹ ìwọ náà. Tìrẹ ti parí, má dìde mọ́. Sùn re o, Àṣàkẹ́ mi, sùn re.