Ẹní Tí A Kì Í Rà Láìdùbúlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kì í ta ẹní fún ẹni tí kò bá tíì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀rà ni wọ́n ń gbé, ọrẹ tí wọ́n ń gé létí odò ni wọ́n fi ń hun ẹní wọn. Wọn á hun ún títí, wọn á wá fi etí apá ẹsẹ̀ sílẹ̀ láìdì. Ó di ìgbà tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, tó nà gbalaja nílẹ̀, kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò dì í dé.

Ọdún 1995 ni ẹní rọ́bà gba gbogbo ìlú Ìlá kan. Kò sẹ́ni tó tún wá dùbúlẹ̀ fún Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí, mọ́. Ọmọ wọn ránṣẹ́ láti Èkó pé kí wọ́n palẹ̀ mọ́, òun ń bọ̀ wá gbé wọn lọ́jọ́ Sátidé. Màmá di ẹrù, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dùn. Inú bí mi. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ọrẹ gé l'Ékòó?

Mo bá tọrọ àyè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, bí ẹní ọrẹ bá gbó, ẹ jù ú sẹ́yìn ilé, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Ti rọ́bà yìí, àwọn ọmọ-ọmọ yín ló máa bá a níbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wá sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní lọ́dọ̀ Màmá kí wọ́n tó rà á, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ṣe ló ń le sí i. Ìyàwó pásítọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì ìjọ tó gbé wa lọ sábúlé Màmá lọ́jọ́ Sátidé.

Àwọn náà ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín àgbàlá Màmá, wọ́n gbé báàgì lé ikùn. Kí Màmá tó wọn ẹní dé ẹsẹ̀ wọn, ìyàwó pásítọ̀ ti ń hanrun. Mo fẹ́ jí wọn, ojú ń tì mí.

Màmá ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ṣé o ò rí i pé ó bá wọn mu ni?"

Làwọn tó kù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí ẹni tí yóò kàn. Ibi tí wọ́n ti ń taari ara wọn ni ọkọ̀ ọmọ Màmá ti dé, tó ń fun fèrè. Màmá fi ìka lé ètè fún un pé àlejò ń sùn. Ó dúró, ó ń wo àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n nà sílẹ̀ káàkiri àgbàlá ìyá rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá kí.

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ló kẹ́yìn. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ nínú gbogbo ẹní tó kù. Màmá wò yíká. Ẹní ńlá kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, òun ni wọ́n fi di ẹrù Èkó.

Wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé, "Tú u."

Ó ní, "Ẹrù yín ńkọ́, Màmá?"

"Kó ẹrù náà padà sínú ilé."