Kásẹ́ẹ̀tì Kejì Tó Wà ní Olúpọ̀nnà

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọmọ mi Rónkẹ́ jókòó sí pálọ̀ mi ní Ìwó, ó ń tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé-ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́ lè ní ẹ̀dà lórí téèpù kan nínú ẹ̀rọ tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Ó pe ọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ téèpù yẹn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣé wọn ò ti ìlẹ̀kùn kékeré ibẹ̀ pa?"

Wọ́n ti tì í lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ nǹkan lé e. Ọkùnrin náà ṣí i, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Èmi náà mọ irú ìlẹ̀kùn yẹn dáadáa.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Kàdúná ni bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í kọ lẹ́tà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí awakọ̀ á bá wọn mú un wá. Nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó kú, wọ́n dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì súre fún wa. Ìyá wa fi ọ̀bẹ ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè gba ohùn mìíràn lé e. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ bí ohùn mi ṣe rí nínú orin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Mo fi bébà dí ihò tí etí náà fi sílẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì pupa tí rédíò fi ń gba ohùn sílẹ̀. Kí n tó kọ orin kan tán, ohùn bàbá mi ti lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá mi ò nà mí. "Wọ bàtà rẹ" nìkan ni wọ́n sọ. Ó di Olúpọ̀nnà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. N kò mọ̀ pé, lọ́sẹ̀ tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ti gbé rédíò méjì kojú síra nínú yàrá níbẹ̀: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbà á sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́.

"Olórin, ẹ káàbọ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi kí mi nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ṣe. Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì kejì jáde, wọ́n fi sí rédíò.

Adìẹ wọn kan ké lé ìdajì orúkọ mi nínú ẹ̀dà náà, ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi ni. Ìyá mi ò dìde títí ó fi tán pátápátá, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sunkún.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń gbé rédíò kojú síra mọ́. Síbẹ̀, ohun téèyàn ò fẹ́ pàdánù ṣì ń fẹ́ ilé kejì, àti ẹni tí yóò lọ wò ó níbẹ̀. Nígbà tí Rónkẹ́ ní ó ti parí, mo ní kó mú fáìlì kan padà wá láti Ìbàdàn.

"Mọ́mì, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù."

"Mú un wá ná."

Ó mú un wá. Fáìlì náà ṣí, odindi ni.